Pọ́ǹpù wo ni kì í pariwo, tí kì í sì í jẹ iná, fún táǹkì ẹja inú ilé?

Bódìjà_Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà táǹkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Táǹkì ẹja mi wà ní pálọ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, omi inú rẹ̀ á tó lítà 240. Sump, ìyẹn táǹkì kékeré tí omi ń sọ̀kalẹ̀ sí kí pọ́ǹpù tó dá a padà sókè, wà nísàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Angelfish ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣe é ló fi pọ́ǹpù sínú sump tó ń dá omi padà sókè. Wọ́n kọ 6000 L/H (lítà láàárín wákàtí kan) sí i lára, wọ́n sì kọ 85W. Lọ́sàn-án, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ti dákẹ́ lálẹ́, á máa kùn hùùù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Yàrá màmá mi ló sì fara ti ògiri pálọ̀. Wọ́n ní tí mi ò bá wá nǹkan ṣe sí i, àwọn á fi ẹja mi se ọbẹ̀ ata.

Ti iná tún wà níbẹ̀. Bí NẸPA bá ti mú iná lọ, orí inverter ni pọ́ǹpù máa bọ́ sí. Bátìrì kan péré ni mo ní, tubular 12V 220Ah, gílóòbù àti fáànù náà sì wà lórí ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inverter á ti máa ké. Pọ́ǹpù wo ni kí n rà?

Baba_Discus

Màmá ò jẹ̀bi o jàre. 85W tọ̀sán-tòru fún lítà 240? Èyí tí ẹni yẹn rí nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ló gbé.

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Wọn nǹkan wọ̀nyí fún wa ná. Láti ojú omi inú sump títí dé ẹnu páìpù tó ń tú omi sínú táǹkì, báwo ló ṣe ga tó? Páìpù ínṣì mélòó ni wọ́n lò? Elbow, ìyẹn ibi tí páìpù ti ṣẹ́ igun, mélòó ló wà lójú ọ̀nà? Pọ́ǹpù yẹn ńkọ́, kí ló jókòó lé?

Ní ti iye omi, bí omi tó ń gba inú sump kọjá láàárín wákàtí kan bá ti tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún omi táǹkì, ó tó. Fún ìwọ, ìyẹn jẹ́ lítà 720 sí 1,200. Angelfish kì í ṣe ẹja odò tó ń ya mùúmùú, lẹbẹ gígùn yẹn ò jẹ́ kó lè bá omi jà. Àwọn tó ń sin iyùn òkun ló nílò omi tó ń rú gan-an, wavemaker tó wà nínú táǹkì fúnra ẹ̀ ni àwọn náà sì fi ń rú u, kì í ṣe pọ́ǹpù sump.

Bódìjà_Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Mítà 1.3 ni láti ojú omi sump dé ẹnu páìpù lókè. Páìpù ½ ínṣì ni, elbow mẹ́rin. Pọ́ǹpù jókòó lé gíláàsì ìsàlẹ̀ sump ní tààrà, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀.

Baba_Discus

Ó dáa. Gbọ́ bó ṣe rí.

Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù, ibi tí kò ti gbé omi gòkè rárá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bó ṣe ń gbé e gòkè sí i ni omi ń dínkù, títí tó fi máa dé gíga kan tí ẹ̀kán kan ò ní jáde mọ́. Gíga yẹn ni wọ́n ń pè ní H-max lára páálí. Pọ́ǹpù tó bá jẹ́ ojúlówó máa ń ní àwòrán ìlà kan lẹ́yìn páálí tàbí nínú ìwé rẹ̀, ìlà tó tẹ̀ wálẹ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Gíga wà ní ẹ̀gbẹ́, iye omi wà nísàlẹ̀. Fi ìka sí gíga tìrẹ, lọ títí o fi máa kan ìlà yẹn, kí o sọ̀kalẹ̀ wá wo iye omi tó bọ́ sí. Nọ́ńbà yẹn ni kí o rà. Èyí tí kò bá ní àwòrán yẹn rárá, èmi kì í náwó lé e lórí.

Elbow náà ń jẹ nínú agbára ẹ̀. Àwa máa ń fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún gíga fún elbow kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ojú ni o, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ èèyàn. Mẹ́rin tìrẹ yẹn ti sọ mítà 1.3 di 2.5. Yọ méjì kúrò, fi họ́ọ̀sì tó rọ̀ rọ́pò wọn kó lè tẹ̀ jẹ́jẹ́, o ti bọ́ sí 1.9. Pọ́ǹpù tí H-max rẹ̀ bá tó mítà 3, tí wọ́n kọ 2,500 sí 3,000 L/H sí lára, ó yẹ kó fún ọ ní lítà 1,000 ó lé ní gíga yẹn. Kò sídìí tí o fi ń wá 6000.

Páìpù ½ ínṣì yẹn gan-an ni ọ̀tá ẹ. Ihò páìpù 1 ínṣì fẹ̀ tó ihò ½ mẹ́rin. Omi kan náà tó ń sáré tete, tó ń hó, nínú ½ á kàn máa rìn jẹ́jẹ́ nínú 1. Sọ fún plọ́mbà pé páìpù ò gbọ́dọ̀ kéré sí ẹnu pọ́ǹpù, tó bá fẹ̀ jù ú lọ ó tún dáa.

Ìyá_Goldfish

Ẹ̀yin ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Ta ló tíì fi ọwọ́ kan nǹkan náà kó mọ ibi tí ariwo ti ń wá?

Bódìjà, ṣe báyìí lálẹ́ òní. Pa fáànù, pa tẹlifíṣọ̀n, jókòó ti táǹkì. Yọ wáyà pọ́ǹpù lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o máa gbọ́. Bí ariwo bá dáwọ́ dúró wàì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pọ́ǹpù ni. Bó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń tán nínú páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ wá sínú sump, páìpù yẹn ni. Ohùn wọn ò tilẹ̀ jọra. Ti pọ́ǹpù máa ń kùn lóhùn kan ṣoṣo. Ti páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ máa ń dún gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ bí ẹni ń da omi kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì.

Tún un tàn padà. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé ó ń gbọ̀n? Gbé e lé pákó tí táǹkì jókòó lé. Gbé e lé ara páìpù níbi tó ti gba inú ihò pákó kọjá. Ibi tó bá ti ń gbọ̀n jù lábẹ́ ọwọ́ ẹ ni ibi tí ariwo ń gbà wọ ilé. Kọ́bọ́ọ̀dù pákó tó ṣófo nínú máa ń gbé ohùn pọ́ǹpù kékeré di ńlá.

Kí o tó ki ọwọ́ bọ omi, yọ wáyà o, jọ̀ọ́. Gé fóòmù tó nípọn, tí ihò ẹ̀ fẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi táǹkì, tẹ́ ẹ sábẹ́ pọ́ǹpù kó má kan gíláàsì níbikíbi, kó má sì fara ti ẹ̀gbẹ́ sump. Lẹ́yìn náà, gé páìpù líle yẹn díẹ̀ lókè pọ́ǹpù, kí o fi họ́ọ̀sì silicone so ó pọ̀. Páìpù PVC tó ti ẹnu pọ́ǹpù lọ tààrà ń gbé ìgbọ̀n ẹ̀ gòkè dé ara táǹkì ni. Owó kékeré ni gbogbo èyí. Ṣe é ná kí o tó na owó pọ́ǹpù.

Iná_Oòrùn_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ sólà àti inverter ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti iná.

85W fún wákàtí 24 jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 2.04 lójúmọ́. Lóṣù ọlọ́jọ́ 30, ó di 61.2. Bí àdúgbò yín bá jẹ́ Band A, tí ẹ ń san nǹkan bíi ₦209.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù yẹn nìkan ń jẹ bíi ₦12,800 lóṣù. Èyí tó ń jẹ 25W á jẹ kílówáàtì-wákàtí 18, ìyẹn bíi ₦3,800. Ẹ fi ìyàtọ̀ rẹ̀ wo iye tí wọ́n ń ta pọ́ǹpù, ẹ máa rí oṣù tó máa san owó ara ẹ̀ padà.

Ẹ wá wo bátìrì. 12V 220Ah jẹ́ 2,640 wáàtì-wákàtí lójú ìwé. Tubular, a kì í fẹ́ kó lọ ju ìdajì lọ kó lè pẹ́, nítorí náà 1,320 ló wà lọ́wọ́ yín. Láàárín wákàtí mẹ́wàá òru, 85W máa ń mu 850 nínú ẹ̀. Kí ló wá kù fún fáànù? 25W, 250 péré ló máa mu. Inverter fúnra ẹ̀ náà ń jẹ tiẹ̀, mi ò tíì ka ìyẹn mọ́ ọn. Kò sí bí bátìrì yẹn ò ṣe ní ké.

Ìbéèrè kan: ìgbà wo ni ìkùn yẹn máa ń pọ̀ jù, orí NẸPA àbí orí inverter? Inverter olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ ń lọ déédéé bíi ti NẸPA) máa ń mú kí pọ́ǹpù AC, èyí tó ń lo iná sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà láìsí ádápítọ̀, kùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì gbóná. Mo ti dé ilé ibi tí wọ́n ti ra pọ́ǹpù tuntun nítorí ariwo, tó sì jẹ́ inverter ló ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rántí: pọ́ǹpù tó bá rì sínú omi, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wáàtì tó ń jẹ ló ń di ooru nínú omi yẹn nígbẹ̀yìn. Lóṣù kẹta tí ooru bá mú n'Ìbàdàn, kò sí ẹni tó fẹ́ fi 60W tí kò wúlò kún un.

Olóyè_Guppy

Mo jókòó síbí o, mò ń tẹ̀lé. Ìyàwó tèmi ò tíì dé orí ọbẹ̀ ata, ṣùgbọ́n ó ti ń wò mí lójú.

Bódìjà_Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Ìyá_Goldfish, mo ṣe gbogbo bẹ́ẹ̀, mà. Mo yọ wáyà, hùùù yẹn dákẹ́ wàì, gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ náà sì ń bá a lọ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Àṣé méjèèjì ló pa pọ̀! Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n gan-an. Mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹ̀, màmá ní ó ti sàn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Òṣogbo, orí inverter ló ti máa ń kùn jù. Inverter àtijọ́ ni, wọn ò kọ pure sine wave sí i lára.

Páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn wá ńkọ́? Pọ́ǹpù tuntun wá ńkọ́, ṣé kí n lọ sí DC tí àwọn èèyàn ń sọ yìí, èyí tó ní ádápítọ̀ àti kọ̀ntírólà?

Ìyá_Goldfish

Mo mọ̀ ọ́n. Ti páìpù: afẹ́fẹ́ àti omi ló ń jà nínú ẹ̀. Bí páìpù kan ṣoṣo ló ń sọ̀kalẹ̀, fi Durso sí orí ẹ̀: páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lókè, tí a lu ihò kékeré sí orí ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́ dípò kó máa já wọlé. Bí ihò náà bá kéré jù, á máa fa omi lọ gbììì kó tún dáwọ́ dúró. Bó bá fẹ̀ jù, gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ á padà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fẹ̀ ẹ́.

Bí ihò méjì bá wà ní gíláàsì, Herbie ló dáa jù. Ọ̀kan máa kún fún omi látòkè délẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n á fi gate valve sí i kí o lè dín omi inú ẹ̀ kù títí yóò fi bá ti pọ́ǹpù dọ́gba. Ìkejì ga jù ú lọ díẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí omi gbabẹ̀ lọ bí ìgbín tàbí ewé bá dí ti àkọ́kọ́. Má jẹ́ kí plọ́mbà fi ball valve sí i o. Ìyẹn, bí o bá fọwọ́ kàn án báyìí, omi á ti yí padà jù. Gate valve lo máa lè yí díẹ̀díẹ̀. Herbie tó bá ti jókòó dáadáa, o máa ń ní láti ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kí o tó gbà pé omi ń lọ.

Rí i dájú pé ẹnu páìpù yẹn rì díẹ̀ sínú omi sump, kó má máa já láti òkè bí ọ̀sọ̀rọ̀.

Peckham_Krib

Ẹ kú ilé o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mò ń sin kribensis. Ẹja tó jẹ́ pé omi gúúsù Nàìjíríà ni ilé ẹ̀, òyìnbó ló ń tà á fún mi!

Ẹ̀gbọ́n, DC ni tèmi. Flat ni mò ń gbé, pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀, aládùúgbò ìsàlẹ̀ sì máa ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà. Iná níbí ń lọ ní nǹkan bíi pẹ́ńsì 25 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Pọ́ǹpù 60W á jẹ bíi £131 lọ́dún, 20W á jẹ bíi £44. Ìdí tí mo fi yí i padà nìyẹn.

Ohun tó dùn lára DC ni pé o lè dín eré ẹ̀ kù láti orí kọ̀ntírólà. Ra èyí tó fi díẹ̀ ju ohun tí o nílò lọ, kí o máa lò ó ní ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ló ti máa ń dákẹ́ jù. Bí o bá gbé e dé òkè pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sú fíìì. Bọ́tìnì kan tún wà lára púpọ̀ nínú wọn tó ń dá a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí o bá ń fún ẹja lóúnjẹ, lẹ́yìn náà á tan ara ẹ̀ padà.

Iná_Oòrùn_Òṣogbo

Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Bí eré bá dínkù sí ìdá méje nínú mẹ́wàá, iye omi náà á dínkù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gíga tó lè gbé omi dé á wá sílẹ̀ sí ìdajì. Pọ́ǹpù tí H-max ẹ̀ jẹ́ mítà 3 ti di mítà 1.5 nìyẹn. Bódìjà nílò 1.9, omi ò ní dé òkè! Bí ẹ bá máa dín eré kù, ẹ ra èyí tí H-max ẹ̀ tó mítà 4 sí 5. Èrè ibẹ̀ ni pé wáàtì á já wálẹ̀ gan-an: ní ìṣirò, ìdá méje eré máa ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iná tó ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tó ń lo AC: ẹ lè fi valve dín omi kù ní ẹnu ibi tó ti ń jáde, kò séwu. Ẹ má dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi wọlé láéláé. Á máa pariwo gàràgàrà, á sì ba abẹ́bẹ̀ inú ẹ̀ jẹ́.

Lẹ́kí_Iyùn

Èmi ò gbà o. Táǹkì omi òkun ni mo ní, iyùn ló wà nínú ẹ̀, mi ò lè fi ẹ̀mí wọn tayò. DC ní mótò, ó ní kọ̀ntírólà, ó ní ádápítọ̀. Ohun mẹ́ta tó lè bàjẹ́. Iná wa tó ń wá gbàà lẹ́ẹ̀kan yẹn, kọ̀ntírólà ló máa kọ́kọ́ jó, o ò sì ní rí òmíràn rà títí wọ́n á fi kó o dé láti ìlú òyìnbó. Pọ́ǹpù AC ojúlówó, òòfà kan àti abẹ́bẹ̀ kan ló wà nínú ẹ̀. Abẹ́bẹ̀ bàjẹ́, o ra abẹ́bẹ̀, ó tán.

Ọ̀nà tèmi ni pọ́ǹpù AC kékeré méjì dípò ńlá kan. Ọ̀kan wà lórí inverter, ọ̀kan wà lórí NẸPA nìkan. Bí iná bá lọ, èyí tó kù ń gbé omi díẹ̀ gba inú sump, ẹja ń mí, bátìrì ò sì kú. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lóru, mo máa ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Iná_Oòrùn_Òṣogbo

Pọ́ǹpù méjì yẹn, ọgbọ́n ni, mo gba tiyín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná wa kì í kàn ń wá gbàà nìkan, ó máa ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú. Bí iná bá wá sílẹ̀ gan-an, pọ́ǹpù AC lè máà lè bẹ̀rẹ̀: á jókòó síbẹ̀, á máa kùn, á máa gbóná, omi ò ní gbéra. Ádápítọ̀ DC tí wọ́n kọ 100–240V sí lára ò ní mọ̀ pé iná rẹlẹ̀. Ti iná tó ń wá gbàà, surge protector àti ádápítọ̀ àpọ́jù kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa yanjú ẹ̀.

Ẹni tí pọ́ǹpù ẹ̀ bá jẹ́ 24V máa ń bi mí bóyá òun lè so ó mọ́ bátìrì tààrà láìgba inú inverter. Bátìrì 12V méjì tí a so pọ̀ lè ga dé fóltì 28 ó lé nígbà tó bá ń gba iná. Bí ìwé pọ́ǹpù ò bá sọ pé ó gbà á, ẹ má ṣe é.

Lẹ́kí_Iyùn

Ẹ̀gbọ́n, stabilizer ló wà nílé mi, iná tó rẹlẹ̀ ò kàn mí. Mi ò ní yí padà.

Adé_Houston

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń rán àwa tó wà l'Amẹ́ríkà ní pọ́ǹpù, nítorí wọ́n ti rán mi. AC ti ibí jẹ́ 115 sí 120V, 60Hz. Bí ẹ bá ki i bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 230V nílé, ó jó nìyẹn. Kódà bí ẹ bá fi transformer sọ fóltì kalẹ̀, 50Hz ṣì ni iná Nàìjíríà, eré mótò yẹn á wá sílẹ̀ sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, omi tí wọ́n kọ sí páálí ò ní pé, gíga náà á dínkù. DC nìkan ni mo máa ń gbà láti fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ka ara ádápítọ̀ ẹ̀ dáadáa.

Bódìjà_Ẹlẹ́ja

Orí mi ti kún o, ṣùgbọ́n ó ti ń yé mi. Ilé-iṣẹ́ wo wá ni? Ẹni tó ń tajà níbí ní gbogbo wọn ọ̀kan náà ni.

Baba_Discus

Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Eheim àti Tunze, Jámánì. Sicce, Ítálì. Jebao, Ṣáínà, òun ló sọ DC di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Lábẹ́ wọn, àìmọye ló wà lọ́jà tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló yàtọ̀ lára wọn. Mi ò ní sọ pé kí o ra èyí, má ra tọ̀hún. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá o lè rí abẹ́bẹ̀ rẹ̀ rà lọ́tọ̀ nílùú ẹ. Béèrè kí o tó sanwó.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n bá ọ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tàn án níbẹ̀. Fọwọ́ mú etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, o máa mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án lẹ́ẹ̀mélòó kan. Èyí tó bá ń ṣe gàgàgà kó tó gbéra lónìí, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣí iwájú ẹ̀, yọ abẹ́bẹ̀ jáde: ọ̀pá àárín ẹ̀, seramiki ni àbí irin? Seramiki máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ó ṣẹ́ nìyẹn. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ tí kò jẹ́ kí o dán an wò, bọ́ síwájú.

Ìyá_Goldfish

Kí ẹnikẹ́ni tó so pọ́ǹpù tuntun mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi tó ń kún ilẹ̀. Bí iná bá lọ, omi tó wà lókè máa ń gba inú páìpù pọ́ǹpù padà sínú sump. Bí ẹnu páìpù yẹn bá rì jìn sínú táǹkì, á fa omi wálẹ̀ títí ẹnu ẹ̀ á fi yọ síta. Gbogbo omi yẹn, ṣé sump gbà á? Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ mélòó ni mo ti rí tó bá a lọ!

Ẹnu páìpù kò gbọ́dọ̀ rì ju ìka kan lọ. Lu ihò kékeré sára ẹ̀ lábẹ́ ojú omi gẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ wọlé kó já ìfà yẹn. Máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín kékeré nu ihò náà, nítorí ewédò máa dí i. Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o ra check valve, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn nínú páìpù. Mi ò ní sọ pé kí o má rà á, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kékeré kan ló máa jẹ́ kó ya ẹnu sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá gbẹ́kẹ̀ lé e. Yọ wáyà lójú ara ẹ, wo bí omi ṣe ń ga nínú sump títí á fi dúró. Ibi tó dúró sí, fi téèpù sàmì sí i, kí o sì mọ ibi tí omi sump ò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

Omi sump tó bá sì lọ sílẹ̀ jù nítorí ooru, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́, á máa hó, ìfófòó kéékèèké á kún táǹkì. Bu omi kún un kó tó dé bẹ̀.

Bódìjà_Ẹlẹ́ja

Ẹ kú àmójútó mi o. Mo ti rà á. DC, H-max mítà 4, pẹ̀lú ádápítọ̀ àpọ́jù kan, wọ́n sì dán an wò fún mi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Plọ́mbà ti fi páìpù 1 ínṣì sí i, elbow méjì, họ́ọ̀sì silicone lókè pọ́ǹpù, fóòmù lábẹ́ ẹ̀. Mò ń lò ó ní ìdá méje nínú mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Mítà tí mo fi wọn iná tó ń jẹ ń sọ 22W. Màmá bi mí bóyá mo ti pa táǹkì.

Páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ ló kù, ihò kan ṣoṣo ló wà ní gíláàsì, nítorí náà Durso ni mo ń ṣe lọ́wọ́. Àtijọ́ yẹn wá ńkọ́? Ṣé kí n tà á?

Baba_Discus

Má tà á. 6000 L/H yẹn dáa fún ọjọ́ tí o bá ń pààrọ̀ omi. Á tú omi láti inú dúrọ́ọ̀mù sókè kí o tó mí kanlẹ̀.

Ìyá_Goldfish

Fọ̀ ọ́ kí o tó gbé e pamọ́. Tú iwájú ẹ̀, yọ abẹ́bẹ̀, rẹ gbogbo ẹ̀ sínú fínígà àti omi mọ́jú. Ohun funfun líle tó lẹ̀ mọ́ ara òòfà á rọ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ha á kúrò, fi omi ṣàn án dáadáa. Tuntun yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, pàápàá bí omi kànga lẹ bá ń lò. Bí o bá gbọ́ pé ó tún ti ń kùn, ìdọ̀tí lo máa kọ́kọ́ wò.

Olóyè_Guppy

Mà, fínígà tí wọ́n fi ń se oúnjẹ yẹn náà ni?

Ìyá_Goldfish

Òun náà ni. Èyí tó funfun, tí kò ní àwọ̀. Má lo ti ìyàwó ẹ, ra tìẹ.